Ohun Tó Wà Nínú Bàtà Mi

Ìró ẹsẹ̀ ọmọ ọmọ mi ló jí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Tiwa jáde láti balùwẹ̀, ó sì sá gba inú pálọ̀ mi kọjá pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, pẹ̀tẹ̀ pẹ̀tẹ̀ pẹ̀tẹ̀, bí ẹni ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ògiri. Nígbà tí mo máa wo ilẹ̀, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tò lórí táìsì láti ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ dé ìdí tábìlì. Ojú ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yòókù a máa gé wọnú ní àárín bí ìbàdí. Ti Tiwa kò gé níbì kankan. Ó kún láti gìgísẹ̀ dé ìka, bí odidi búrẹ́dì.

Mo mọ ojú ẹsẹ̀ náà. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ti mọ ojú ara mi nínú díńgí lọ.

Ìyàwó ọmọ mi kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ó mú páálí kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀, ó sì kó ohun méjì tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì àti ike bọ́tà. Àwọn nǹkan tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà ni, èyí tó wú sókè ní àárín láti gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ìrora má baà gun orókún rẹ̀. "Tiwa, sáré wá wo ẹsẹ̀ tuntun rẹ o!" ni ó ń pariwo, bẹ́ẹ̀ fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí àwọn ará ilé kejì ń sá aṣọ.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ṣe. Kí n tó mọ̀, mo ti na ọwọ́ mú aṣọ tí a fi ń bo oúnjẹ, mo sì ti fi bò wọ́n mọ́lẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ fi bò ó?" ni ọmọ náà bi mí.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ kò lè dúró gbọ́ èsì náà tán, nítorí pé ó jìnnà, ó wà ní Ajégúnlẹ̀, ní ìgbà tí ìjọba alágbádá ṣì wà lórí oyè kí àwọn ṣójà tó tún gbà á. Mo jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, kí ó kà á nígbà tó bá dàgbà. Ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì wà láàyè. Bí ó bá kà á, kí ó kà á dáadáa.

Yàrá méjì ni a ní nínú ilé onígbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí ẹnu ọ̀nà gbogbo dojú kọ ara wọn. Bí a bá ń dín ata ní yàrá tiwa, ẹni tó wà ní yàrá ìkángun ni yóò kọ́kọ́ sín. Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Ùròbò wà níbẹ̀, Ìbò wà níbẹ̀, a sì ń fi Yorùbá àti Pijin bá ara wa jà, a tún ń fi wọ́n parí ìjà. Ní òwúrọ̀, fèrè ọkọ̀ òkun ní èbúté Apápá ló ń jí wa. Bí òjò bá rọ̀, pákó ni a ń tẹ́ sórí gọ́tà láti ẹnu ọ̀nà wa dé títì, ẹni tí kò bá sì lè fi ìka ẹsẹ̀ di pákó mú dáadáa, inú gọ́tà ni yóò ti jí ìyókù ọjọ́ náà. Èmi ti jí nínú rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Akọ̀wé ni bàbá mi, ní ọ́fíìsì ilé ìkẹ́rùsí kan ní Warehouse Road. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì ló ní, ọrùn wọn kì í sì í dọ̀tí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọṣẹ ha wọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ọmọ òun kàwé lábẹ́ igi, ó sì wá àyè fún mi ní ilé ìwé kan ní ìhà Apápá. Ohun rere ni ó ṣe fún orí mi. Kò ro ti ẹsẹ̀ mi. Mo ní láti rìn láti inú Ajégúnlẹ̀ kọjá Boundary, ààlà àwa àti Apápá, kí n gba ẹ̀gbẹ́ àwọn tírélà tó tò sí Liverpool Road, kí n tó dé ibi tí igi bo títì tí agogo ilé ìwé ti ń dún. Kí n tó dé ìdajì, iná ti ràn mọ́ mi ní gìgísẹ̀, ó ti gun ọrùn ẹsẹ̀, ó ti dé orókún. Mo ń tẹ ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ inú, mo ń já bàtà ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì ń mì sọ́tùn-ún sósì.

Àwọn ọmọ àdúgbò kò jẹ́ kí ó sú wọn. "Pẹ́pẹ́yẹ! Pẹ́pẹ́yẹ ń re odò!" ni àwọn ọmọ Yorùbá ń pè mí. Àwọn ọmọ Ùròbò á gbà á lẹ́nu wọn: "Dọ́ọ̀kì, háù fár? Yò ẹ́gì ńkọ́?" Èmi náà á bú wọn padà, ẹnu mi mú láti kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bú ènìyàn kò gbọdọ̀ dúró gba èsì, n kò sì lè sáré.

Dókítà ibi iṣẹ́ bàbá mi ló kọ ìwé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba. Èmi, ìyá mi tí mò ń pè ní Màámi, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni a jọ lọ. Àǹtí Fúnmi ni mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi yìí; ó fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ, ó rẹwà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló gbé báàgì wa, òun ló di káàdì mú, òun ló jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí Màámi lọ ra omi. Wọ́n ní kí n ti ẹsẹ̀ mi bọ ohun funfun kan tó tutù, tó rọ̀ bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, mo sì rí ojú ẹsẹ̀ mi nínú rẹ̀ nígbà tó gan. Dókítà ọ̀hún rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní àìsàn kọ́ rárá, pé kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ mi ni kò gbéra sókè. Ó wá yíjú sí ìyá mi.

"Màmá, ṣé ẹnìkan nínú ìdílé yín ní irú ẹsẹ̀ yìí?"

"Rárá o!" ni Màámi dáhùn, kí dókítà tó parí ọ̀rọ̀. "Kò sí o. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ní in."

Mo rántí pé ó fa ìró rẹ̀ sílẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń wí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a padà lọ gba nǹkan náà, mo rò pé wọn yóò gbé bàtà onírin fún mi, irú èyí tí àwọn ọmọ arọ ń wọ̀. Ohun kékeré méjì ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Wọ́n fi kọ́ọ̀kì ṣe inú rẹ̀, wọ́n fi awọ àwọ̀ obì bò ó, wọ́n sì fi òwú tí wọ́n fi ìda pa rán etí rẹ̀ yípo wẹ́wẹ́. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀kan, wọ́n tẹ lẹ́tà L, ní ìsàlẹ̀ èkejì, R, ẹnìkan sì fi bírò pupa kọ nọ́ńbà káàdì mi sí i. Àǹtí Fúnmi ló kúnlẹ̀ tẹ́ wọn sínú bàtà mi. Ó so okùn rẹ̀. "Rìn kí n rí i," ni ó wí.

Mo rìn. Ẹ̀yin tí ilẹ̀ kò na yín rí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ó dà bí ẹni pé ilẹ̀ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀ láti gbà mí. Mo rìn lọ sí òpin kọ́rídọ̀ náà, mo rìn padà, mo tún lọ. Àǹtí Fúnmi pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ wo ìyàwó olóyè!" Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Kí ó má ṣe gbàgbé.

Kò pẹ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, mo sì ń dé ilé ìwé pẹ̀lú ẹ̀rín. Àkókò tí a ń múra yíyan fún ayẹyẹ ọjọ́ àwọn ọmọdé ni. Ní ọdún tó ṣáájú, tíṣà wa ti yọ mí kúrò lórí ìlà, ó ní mò ń ba ìlà jẹ́. Lọ́dún yìí, ó wo ẹsẹ̀ mi títí, ó ní kí n bọ́ sí ìlà iwájú. Mo lọ sọ fún bàbá mi, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ kí ó tó rẹ́rìn-ín. Ìlà iwájú! Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láyé nígbà náà kò ju pé kí àwọn ọmọ tó ń pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ pápá, kí n fi ẹsẹ̀ lé ilẹ̀, kí n kọjá níwájú wọn.

Ṣùgbọ́n Màámi ti fi òfin lélẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀. Ó gé àkísà dúdú, ó fi bo awọ náà mọ́lẹ̀ nínú bàtà. Bí mo bá bọ́ bàtà níta, mo gbọ́dọ̀ ki ìbọ̀sẹ̀ bọ inú rẹ̀, kí n sì tì í sí kọ̀rọ̀. "Bí wọ́n bá bi ọ́, bàtà ni o wọ̀," ni ó wí. "O gbọ́?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin ọmọ òde òní, torí pé fóònù ni ẹ fi ń fẹ́ ara yín. Láyé ìgbà náà, bí ọmọkùnrin kan bá ní òun rí ọmọbìnrin kan, àwọn òbí rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Wọn á rán ènìyàn lọ sí ìlú bàbá ọmọ náà, wọn á béèrè lábẹ́lẹ̀: ṣé wárápá kò sí nínú ẹbí yẹn? Ṣé wọn kì í ya wèrè? Ṣé ẹnikẹ́ni kò dẹ́tẹ̀ rí? Bí wọ́n bá rí àléébù kan péré tó ń ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò sí ẹni tí yóò wí fún yín pé ó parí. Wọn kò kàn ní wá mọ́.

Wọ́n ń ṣe ìwádìí Àǹtí Fúnmi lọ́wọ́ nígbà náà. Sámúẹ́lì ni orúkọ ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ̀ ló ni ilẹ̀ tí ìjọ wa kọ́ sí, òun náà ló ń ríran níbẹ̀, Ìyá Ìjọ sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó ní tírélà tó ń kó ẹrù ní Liverpool Road, ó ní ilé olókè kan ní Apápá, ó sì ní ohùn kan tí ó máa ń mú kí ènìyàn kúnlẹ̀ kó tó mọ ohun tí ó ṣẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Màámi ń fojú inú rí ọmọ rẹ̀ tó ń fi Ajégúnlẹ̀ sílẹ̀, tó ń sọdá Boundary pẹ̀lú ẹrù ìyàwó.

Ìjọ aláṣọ funfun ni wá. Bàbá mi kì í bá wa lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì onídùùrù ni tirẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé nínú ìjọ aláṣọ funfun, kò sí ẹni tí ń wọ bàtà wọlé. Ní ọjọ́ Sunday, gbogbo bàtà á tò sí ẹ̀yìn ilé ìsìn bí ọjà òkìrìkà. Mo ti tèmi sí kọ̀rọ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn gẹ́gẹ́ bí òfin Màámi, mo sì ki ìbọ̀sẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ìwàásù ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin kan jáde láti lọ tọ̀. Bàtà ilé ìwé dúdú ni tirẹ̀ náà. Tèmi ni ó rí, ó tu ìbọ̀sẹ̀ dànù, ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Igbe rẹ̀ ni a gbọ́ nínú ilé ìsìn.

"Yéè! Nǹkan wà nínú rẹ̀! Nǹkan ń gbé mi lẹ́sẹ̀!"

Gbogbo ilé ìsìn dìde. Nígbà tí wọn yóò fi gbé bàtà náà wá síwájú pẹpẹ, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ gbé e bí ẹni gbé òkú eku. Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀ ló fi imọ̀ ọ̀pẹ kan fa àkísà dúdú kúrò. Awọ náà hàn síta.

"Ẹ wò ó, wọ́n rán an!"

"Oǹdè ni! Ẹ wo bí wọ́n ṣe fi aṣọ dúdú bò ó!"

"Jésù! Ẹ̀jẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yẹn!"

Bírò pupa ni. Nọ́ńbà káàdì mi ni.

Akọ̀wé ìjọ tẹ̀ síwájú, ó fi ìka ya àgbélébùú sí àyà rẹ̀, ó tẹ orí wò ó. "Ìyá Ìjọ, lẹ́tà wà lára rẹ̀. L ni èyí."

Ìyá Ìjọ di ojú. "L," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Lùsífà."

Gbogbo ilé ìsìn mì. "Èkejì ńkọ́?"

"R ni, mà."

Èyí le jù ú lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ là. "Rìkíṣí!"

"Halelúyà!"

Ìwé kẹfà ni mo wà. Mo mọ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, mo sì wo iwájú, níbi tí Àǹtí Fúnmi wà láàárín àwọn akọrin, kí a jọ rẹ́rìn-ín. Ó mọ nọ́ńbà yẹn. Ó mọ òwú yẹn. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ta ló ni bàtà?" ni Ìyá Ìjọ bú jáde.

Mo jáde. Kí ló yẹ kí ó bà mí lẹ́rù? N kò jí nǹkan. "Èmi ni, mà. Oògùn kọ́ o, mà. Ilé ìwòsàn ni a ti..."

"Oògùn ni."

Ẹ̀yìn mi ni ohùn náà ti wá. Mo yí padà, mo sì rí Màámi tó ń ti ààrin àwọn obìnrin jáde, tó bọ́ ìborùn funfun rẹ̀, tó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì gbì.

"Oògùn ni, Ìyá Ìjọ. Èmi ni mo lọ ṣe é. Ayé ló bà mí lẹ́rù nítorí ọmọ mi. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì."

"Màámi," mo ní, "ṣebí ẹ̀yin fúnra yín lẹ jókòó níbi tí dókítà..."

"Pa ẹnu rẹ mọ́!"

Kò pariwo mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí. Mo tún wo ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ kí ó sọ gbólóhùn kan, kan péré. Àǹtí Fúnmi gbé orí sókè, ó la ẹnu, ohùn rẹ̀ tí gbogbo ìjọ fẹ́ràn sì jáde: ó gbé orin ìṣẹ́gun. Àwọn akọrin gbà á, ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, n kò sì lè gbọ́ ohùn ara mi mọ́.

Wọ́n da omi lé èmi àti Màámi lórí níwájú gbogbo ènìyàn, garawa lórí garawa. Omi olóòórùn dídùn ni, ó tutù wọ eegun. Wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ nà wá lẹ́yìn, kì í ṣe pé ó dunni, ṣùgbọ́n wọ́n ń rẹ́rìn-ín ayọ̀ bí wọ́n ti ń nà wá. Sùtánà mi lẹ̀ mọ́ mi lára, ọmọ ọdún méjìlá tí ọmú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, àwọn ọmọkùnrin kíláàsì Sunday sì tò síwájú. Ìtìjú náà ṣì wà lára mi bí omi náà, kò gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Màámi dìde kí ó rìn lọ sí ibi pẹpẹ láti gba ìbùkún. Ó rìn. Ilẹ̀ gbẹ níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń tẹ̀ lé ara wọn lórí sìmẹ́ńtì. Kò gé níbì kankan. Ó kún láti gìgísẹ̀ dé ìka, bí tèmi gẹ́lẹ́. Ní gbogbo ayé mi, n kò rí ẹsẹ̀ ìyá mi ní tútù rí. Inú yàrá ló ti ń nù ún lẹ́yìn ìwẹ̀, inú sílípáàsì ló sì ń wà. Mo wo àyíká bóyá ẹlòmíràn rí i. Gbogbo wọn gbé ojú sókè, wọ́n ń kọrin. Kí orin náà tó parí, sìmẹ́ńtì ti fa omi náà mu.

Ẹ̀yìn ilé ìsìn ni wọ́n ti sun nǹkan mi, láàárín imọ̀ ọ̀pẹ ọdún tó kọjá. Kọ́ọ̀kì a máa jó pẹ̀lú ìró, awọ a sì máa rùn bí orí àgbò ọjọ́ iléyá. "Ẹ gbọ́ òórùn ẹran ara!" ni wọ́n ń wí. Ẹnìkan mú bàtà mi wá fún mi. Bàtà náà fẹ̀ jù mí lẹ́sẹ̀ bí mo ti wọ̀ ọ́. Mo padà sílé lórí ilẹ̀ bí ilẹ̀ ti rí tẹ́lẹ̀.

Bàbá mi gbọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó dìde dúró. "Kọ́ọ̀kì àti awọ!" ni ó ń tún sọ. "Kọ́ọ̀kì àti awọ ni ẹ jẹ́ kí wọ́n sun! Mò ń lọ bá obìnrin náà ní òwúrọ̀ ọ̀la, n ó mú ìwé ilé ìwòsàn dání."

Màámi di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú. Gbogbo ilé ń gbọ́, nítorí náà jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. "Bàbá Fúnmi, ẹ ṣàánú mi. Oògùn ṣeé kọ̀ sílẹ̀. Mo ti kọ̀ ọ́, wọ́n ti wẹ̀ mí, inú wọn dùn sí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹsẹ̀ ṣeé kọ̀ sílẹ̀? Bí wọ́n bá ní àrùn ẹsẹ̀ wà ní ìdílé wa, omi wo ni wọn yóò fi wẹ ìyẹn?"

Bàbá mi wò mí. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó mú ọṣẹ, ó jáde lọ ha ọrùn rẹ̀. Akọ̀wé rere ni. Bí ó ti ń ha ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà, bẹ́ẹ̀ ni ìlà iwájú mi ń lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni ìrora padà. Nígbà tí a tún lọ sí orí pápá, tíṣà wa dá ìlà dúró, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́, ó ní, "Kí ló ṣe ọ́? Ṣebí o ti ń ṣe dáadáa?" Kí ni kí n wí? Pé Lùsífà àti Rìkíṣí ti jóná? Ó ní kí n máa gbé omi fún àwọn tó ń yan. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, mo dúró sí etí pápá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi láàárín àwọn ọmọ tó ń pè mí ní pẹ́pẹ́yẹ, a sì jọ wo ìlà iwájú tó kọjá. Mo bẹ Màámi pé kí a padà lọ ṣe òmíràn. "Kí wọ́n tún rí i?" ni èsì rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ Àǹtí Fúnmi. Ìwádìí kò rí nǹkan kan. Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ìdílé tó ronú pìwà dà ni ìdílé wa. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó náà, wọ́n fi mí sí ẹ̀yìn pẹ̀lú àwọn ìkòkò, Màámi sì tẹnu mọ́ ọn: "Jókòó. Má rìn káàkiri." Mo jókòó. Mo gbọ́ pé ìyàwó rẹwà.

Ohun tí mo kọ́ ní ọjọ́ Sunday yẹn ni mo gbé dàgbà. Mo kàwé, mo di tíṣà, mo sì dúró lórí ẹsẹ̀ yìí níwájú kíláàsì títí mo fi fẹ̀yìn tì, pẹ̀lú yẹ̀rì tó kan ilẹ̀. N kò bá ọkọ mi rìn létí òkun rí, nítorí pé iyanrìn tútù kì í purọ́. Ṣé ẹ rí i, wọn kò fi ẹsẹ̀ mi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ilé wa. Ìyá mi kàn yàn kí ayé pe òun ní olóògùn ju kí wọ́n mọ irú ẹsẹ̀ tí mo ní. Ẹ bá mi wọn ìyẹn wò.

Ní ọdún tí àìsàn dá Màámi dùbúlẹ̀, ní àárín àwọn ọdún 1990, èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo ní, "Màámi, ẹsẹ̀ yín náà, bákan náà ni pẹ̀lú tèmi."

"Ẹsẹ̀ wo?" ni ó wí. Ó sì fi ẹsẹ̀ náà fa aṣọ ìbora bò ó. Nígbà tó kú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi wẹ ibẹ̀ yẹn. Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lé ọwọ́. Mo rò pé n ó dárí jì í nígbà náà. Mo kàn wẹ̀ ẹ́ ni, mo nù ún, mo sì bò ó.

Ajégúnlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ kún ibi tí a ń tẹ́ pákó sí, àwọn tírélà ṣì tò, ilé ìsìn náà ti ní táìsì. Kò sí ẹni tó ń rán ènìyàn lọ sí ìlú láti béèrè nípa wárápá mọ́. Àwọn dókítà ló ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọmọ ọmọ mi ń fi ohun tí wọ́n sun lẹ́sẹ̀ mi hàn fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, wọ́n sì ń ní kí àwọn náà tẹ̀ ẹ́ wò. Mo dúpẹ́. Inú mi kò dùn tó bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́.

Èyí ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀, àfi pé ẹ̀gbọ́n mi wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Màmá Apápá ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó ti sanra, ó ti di opó, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ní ilé ìyàwó ọmọ mi, níbi tí ó ti bá wa, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ènìyàn ń bọ́ bàtà sí. Àǹtí Fúnmi lọ́ra díẹ̀ kí ó tó bọ́ tirẹ̀. Bàtà rere ni, awọ gidi. A ti jókòó, wọ́n ti gbé omi wá, nígbà tí Tiwa sáré wọlé pẹ̀lú bàtà kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ ń dán.

"Màmá Apápá, ẹ̀yin náà ní i! Ẹ̀yin náà ní i!" Ó ti fa nǹkan náà jáde láti inú bàtà. Aláwọ̀ ara ni, ó wú sókè ní àárín, lílò sì ti jẹ etí rẹ̀. Ó yí i padà. "Ẹ wò ó, L wà lára èyí! R wà lára èyí!"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń dúró de ọjọ́ yìí. Mo ti mọ ohun tí n ó wí: n ó béèrè pé kí ni L, n ó sì jókòó títí yóò fi dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi.

Ó wo fèrèsé tó ṣí sílẹ̀. Ó wo ìyàwó ọmọ mi tó ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn sí abẹ́ àga.

"Tiwa, ọmọ dáadáa," ni ó wí, ohùn tó ń gbé orin tẹ́lẹ̀ ti tín-ín-rín, "bá mi bò ó."

Ọ̀rọ̀ tí mo tọ́jú pamọ́ kò jáde. Nígbà tí mo máa wo ara mi, ọwọ́ tèmi ti wà lórí tábìlì, ó ń wá aṣọ.